Wákàtí Márùn-ún Tí Ojú Wa Kì Í Tó Ọmọ: Ọ̀rọ̀ fún Ẹ̀yin Ìyá Tí Ọmọ Yín Ń Wọ JSS 1

Nítorí àwọn tí kò lè dé ìpàdé oṣù yìí, torí pé ọkọ̀ ẹrù wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, la ṣe ní kí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ yìí jáde, kí wọ́n lè rí i kà, tàbí kí ọmọ wọn kà á sí wọn létí.

Ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ ní kí àwa ìgbìmọ̀ bá yín sọ ni ti àwọn ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí pírámárì, tí wọn yóò wọ JSS 1 nínú oṣù kẹsàn-án. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ìwé nìkan ni. A ò wá kọ́ yín ní ìṣirò. Ẹni tó ń ka owó ọgọ́rùn-ún apẹ̀rẹ̀ tòmátò lórí láìmú bíírò, kí la fẹ́ kọ́ ọ? Ọ̀rọ̀ ààbò ọmọ la bá wá.

Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Nígbà tí ọmọ wà ní pírámárì, ilé ìwé rẹ̀ kò jìnnà sílé. Ẹ̀gbọ́n ń mú un lọ, aládùúgbò ń mú un bọ̀. Tíṣà kan ṣoṣo ló ń kọ́ ọ láti àárọ̀ di ọ̀sán, tíṣà yẹn sì mọ̀ wá, ó mọ ìsọ̀ wa, ó tiẹ̀ máa ń ra ata àwìn lọ́wọ́ wa. Bí ọmọ kò bá dé kíláàsì lónìí, a ó gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọjọ́ tó bá wọ JSS 1, gbogbo ìyẹn dópin. Ó lè jẹ́ ọkọ̀ méjì ni yóò máa wọ̀. Tíṣà tí yóò máa kọ́ ọ á tó bíi mẹ́wàá, kò sì sí èyí tó mọ ìyá rẹ̀ nínú wọn. Àwọn kan tí wọ́n jọ ń wọ yunifọ́ọ̀mù kan náà ti ń hu irùngbọ̀n. Ọmọ ọdún mẹ́wàá, mọ́kànlá sì lèyí, tó jẹ́ pé lánàá yìí la ṣì ń bá a so okùn bàtà.

Àwa náà ńkọ́? Ọkọ̀ tó ń kó ata àti tòmátò bọ̀ láti òkè Ọya kì í dúró kí ilẹ̀ mọ́. Púpọ̀ nínú wa ti wà ní Mile 12 ní aago mẹ́rin ìdájí. A kì í sí nílé nígbà tí ọmọ ń múra, a kì í sí níbẹ̀ nígbà tó bá dé. Nǹkan bí aago méjì ọ̀sán ni wọ́n ń jáde. Aago méje, àwa ṣì ń wá ọkọ̀ lọ sílé. Wákàtí márùn-ún nìyẹn lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Wákàtí márùn-ún tí ojú wa kì í tó ọmọ yìí la fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí.

Kí a tó lọ jìnnà, ìdáhùn kan wà tí àwọn kan máa ń fún wa, tí a ò fara mọ́. Wọ́n á ní, "Bí wàhálà bá pọ̀ tó báyìí, kí ọmọ kúkú jókòó tì mí ní ìsọ̀." Rárá o. Òfin ẹ̀kọ́ UBE ti ọdún 2004 sọ pé láti pírámárì dé JSS 3, dandan ni, ọ̀fẹ́ sì ni ní ilé ìwé ìjọba. Ó ní ìyà tí wọ́n lè fi jẹ òbí tó bá dá ọmọ dúró: wọ́n á kọ́kọ́ bá a wí, bó bá tún ṣe é, ẹgbẹ̀rún méjì náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, bó bá ṣì tún ṣe é, ẹgbẹ̀rún márùn-ún tàbí oṣù méjì. Ẹ lè máa rẹ́rìn-ín pé owó yẹn kò ra ata ọbẹ̀ lónìí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n kò di yẹpẹrẹ bí owó. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2007 náà kò gbà ká máa fi ọmọ kiri ọjà lójú títì. Àwọn àgbà inú wa rántí ayé Alhaji Lateef Jakande, gómìnà Èkó láti 1979 sí 1983. Kí ó tó dé, àárọ̀ làwọn ọmọ kan ń lọ sí ilé ìwé, ọ̀sán làwọn mìíràn ń lọ, torí kíláàsì kò tó. Òun ló fòpin sí i. Àwọn kan tó jókòó síbí lónìí jẹ àǹfààní ìwé ọ̀fẹ́ yẹn, òun ni wọ́n fi mọ ìwé owó wọn kà. Kí la máa wá sọ fún ọmọ tiwa?

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín wa. A ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ìyá ọmọ náà ló fún wa láṣẹ pé kí a sọ ọ́.

Ọmọbìnrin ni, ó wà ní JSS 1, táàmù kejì. Lọ́sẹ̀ kan, ó sọ owó ọkọ̀ rẹ̀ nù. Ìyá rẹ̀, tí ọjà ti bà jẹ́ mọ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, lù ú dáadáa. Ọ̀sẹ̀ kejì, owó tún sọnù, àbí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ọmọ dúró ní ibùdókọ̀, ó ń sunkún. Ọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ pè é, ó fún un ní owó ọkọ̀, ó fún un ní bisikíìtì, ó ní, "Má sọ fún mọ́mì ẹ o, kó má báà tún nà ẹ́." Láti ọjọ́ náà, ó di ọ̀rẹ́. Lójoojúmọ́ ni bisikíìtì. Ó di ọjọ́ kan, ó ní kó wá bá òun gbé nǹkan kan nínú yàrá lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ọpẹ́lọpẹ́ ọmọkùnrin kíláàsì wọn tó dúró dè é, tó ní, "Tí o kò bá jáde, màá pariwo." Ọmọ yìí ló wá sọ fún ìyá tirẹ̀ nílé, ìyá tirẹ̀ sì sọ fún ìyá ọmọbìnrin.

Nígbà tí a pe ọmọ náà jókòó, tí a rọra bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ fún ìyá rẹ̀, ohun tó sọ ni pé, "Mo rò pé ẹ máa lù mí." Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún. Àwa tó kù ò lè gbójú sókè, torí kò sẹ́nì kan nínú wa tí kò tíì na ọmọ rí nítorí owó tó sọnù. Owó ọkọ̀ ọjọ́ kan! Iye tí alábàárù ń gbà lọ́wọ́ wa tí a kì í ronú sí.

Ìdí nìyí tí ohun àkọ́kọ́ tí a fi ń bẹ yín kì í ṣe pé kí ẹ ra nǹkan kan. Ẹ pe ọmọ náà jókòó kí ilé ìwé tó wọlé. Ẹ sọ fún un pé, bí owó bá sọnù, bí wọ́n bá gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, bí ó bá ṣi ọkọ̀ wọ̀, bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ, bí ẹni yẹn tiẹ̀ jẹ́ tíṣà, àbúrò bàbá rẹ̀, tàbí ẹni tó ń gbàdúrà fún wa, kí ó wá sọ, a ò ní lù ú. Lẹ́yìn náà, ẹ má lù ú lóòótọ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí ẹ bá ṣẹ́ àdéhùn yẹn, ó tán. Ọmọ kì í tún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sọ lẹ́ẹ̀kejì. Bí ẹ bá dé láti ọjà, bí ó ti wù kó rẹ̀ yín tó, kí ẹ tó béèrè bóyá ó ti fọ abọ́, ẹ bi í pé, "Ta lo bá sọ̀rọ̀ lónìí?" Ẹ dákẹ́, kí ẹ gbọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá sì ní kí ọmọ má sọ nǹkan fún ìyá rẹ̀, ọ̀tá ni, ìbáà fún un ní góòlù.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sójú ọ̀nà. Ó kéré tán, ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìwọlé, ẹ bá ọmọ rin ọ̀nà náà láti ẹnu ọ̀nà ilé yín dé ẹnu géètì ilé ìwé. Kì í ṣe ọjọ́ Àìkú tí títì dá o. Ọjọ́ Ajé ni, ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, nígbà tí àwọn èèyàn ń tara wọn gìrì ní ibùdókọ̀ Kétu. Lọ́jọ́ kìíní, ẹ̀yin ni kí ẹ ṣíwájú. Lọ́jọ́ kejì, kí ọmọ ṣíwájú, kí ẹ máa tẹ̀ lé e lókèèrè bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ lẹ ó ti mọ ohun tí kò mọ̀. Ẹnì kan nínú wa ṣe é. Ọkọ̀ Ọ̀wọ́rọ̀nṣòkí ni ọmọ ń wọ̀ lọ, nígbà tó jẹ́ pé Ọjọ́ta ló ń lọ, torí bí kọ̀ndọ́kítọ̀ ṣe ń pè é, kò yé e. Bí kò bá tẹ̀ lé e ńkọ́?

Ẹ kọ́ ọ pé kí ó má wọ ọkọ̀ tí kò sí obìnrin tàbí ọmọ ilé ìwé mìíràn nínú rẹ̀. Kí ó má wọ mọ́tò ẹni tó ní òun fẹ́ gbé e lọ́fẹ̀ẹ́, bí onítọ̀hún tiẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Nítorí ìyẹn, ẹ má kọ orúkọ ọmọ gàdàgbà sí ara báàgì. Inú báàgì ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Ọ̀kadà ńkọ́? Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ni ìjọba ti fòfin dè é ní gbogbo Kòṣọ́fẹ́. A mọ̀ pé ní àwọn àdúgbò inú, wọ́n ṣì ń yọ́ ọ gùn. Ẹ má fi ọmọ sórí rẹ̀. Bí ọlọ́pàá bá lé e, ìsáré tí yóò sá, ọmọ yín ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

Títì Ìkòròdú kì í sì í ṣe ohun tí à ń sá kọjá. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ wà. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má bínú sí wa, ṣùgbọ́n àwa gan-an la kọ́ wọn ní àṣà yìí. Ẹrù á wà lórí wa, a ó ká aṣọ sókè, a ó fo irin àárín títì, ọmọ á sì máa wò wá. Láti ọdún 2015 tí BRT ti ń gba Mile 12 lọ sí Ìkòròdú, ewu náà tún le sí i, torí pé bí ọmọ bá ti wo ọkọ̀ dánfó tán, ó rò pé ojú ọ̀nà ti dá. Kò mọ̀ pé ọ̀nà BRT ṣì wà láàárín, bọ́ọ̀sì ńlá sì ni, ó ń sáré. Ẹ gun afárá. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, kí àwọn ọmọ kó ara wọn jọ gùn ún.

Ohun mìíràn tí ẹ máa rẹ́rìn-ín sí: ẹ bi ọmọ yín lálẹ́ òní pé kí ni orúkọ yín. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ ọ́n. "Ìyá Kẹ́hìndé alálùbọ́sà" ni wọ́n mọ̀. Bí ọmọ bá sọnù, tó dé àgọ́ ọlọ́pàá, Ìyá Kẹ́hìndé mélòó ló wà ní Mile 12? Kí ó mọ orúkọ yín àti ti bàbá rẹ̀ bó ṣe wà nínú ìwé, kí ó mọ láìnì tí ìsọ̀ yín wà, kí ó mọ nọ́ńbà fóònù èèyàn méjì sórí, kì í ṣe sínú bébà. Ẹ tún jọ yan ọ̀rọ̀ kan, tí ó jẹ́ pé ẹ̀yin àti ọmọ nìkan lẹ mọ̀ ọ́n. Bí ẹnì kan bá dé ilé ìwé, tó ní, "Mọ́mì ẹ wà ní ọsibítù, wọ́n ní kí n wá mú ẹ," kí ọmọ bi í ní ọ̀rọ̀ náà. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kí ọmọ padà sínú kíláàsì. Ẹ má fi orúkọ ọjà tí ẹ ń tà ṣe ọ̀rọ̀ náà o. Gbogbo ayé ló mọ ìyẹn.

Ẹ yan ibi tí ọmọ yóò lọ lọ́jọ́ tí ìlú bá dàrú. Àwa tí a wà níhìn-ín ní oṣù kẹta ọdún 2016 kò lè gbàgbé. Ní alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù kejì, àwọn ajínigbé wọ ilé ìwé Babington Macaulay ní Ìkòròdú, wọ́n kó ọmọbìnrin mẹ́ta lọ. Ọkàn wa kò tíì balẹ̀ tí ìjà fi bẹ́ sílẹ̀ ní Mile 12 níbí ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta, tí wọ́n ń sun ilé, tí ìjọba fi ti ọjà pa. Ọjọ́ kẹfà oṣù náà ni wọ́n tó rí àwọn ọmọbìnrin yẹn gbà padà. Lọ́jọ́ ìjà yẹn, ìyá ń sáré lọ sí ilé ìwé, ọmọ ń sáré bọ̀ wá sí ọjà, wọ́n gba ara wọn kọjá lójú ọ̀nà. Kí ọmọ mọ̀ pé bí wàhálà bá ṣẹlẹ̀, inú ilé ìwé ni òun yóò dúró sí títí ẹni tí òun mọ̀ yóò fi dé.

Omi náà ńkọ́? Oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, tí JSS 1 ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ni odò Ògùn máa ń kún, tí wọ́n sì máa ń ṣí omi ìdídò Ọ̀yán. Ẹ̀yin ará Ajégúnlẹ̀ rántí oṣù kẹwàá ọdún 2010, nígbà tí omi lé àwọn èèyàn jáde nílé. Agílítí náà mọ ọ̀rọ̀ yìí. Bí omi bá ti bo ọ̀nà, kí ọmọ má fẹsẹ̀ wá ibi tí ilẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ilé ìwé ọjọ́ kan kò tó ẹ̀mí. Bí ilé ìwé tí wọ́n fi ọmọ yín sí bá sì jìnnà jù, tàbí tó jẹ́ pé ọ̀nà omi ló gbà débẹ̀, ẹ lọ sí ọ́fíìsì Education District II ní Maryland, òun ló ń rí sí Kòṣọ́fẹ́, Ṣómólú àti Ìkòròdú, kí ẹ lọ fẹjọ́ sùn níbẹ̀. Ẹ má kàn jókòó máa ráhùn ní ìsọ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ tó nira jù. Ẹni tó ń ba ọmọ jẹ́ kì í sábà jẹ́ àjèjì. Ẹni tó ń kọ́ ọ ní lẹ́ẹ̀sìn ni, ayálégbé tí a jọ ń lo balùwẹ̀ ni, ọmọṣẹ́ wa ni, mọ̀lẹ́bí tó wá sinmi lọ́dọ̀ wa ni. Ó mọ àkókò tí à ń lọ sí ọjà, ó mọ àkókò tí à ń dé. Kì í sì í ṣe ọmọbìnrin nìkan. Wọ́n ń ṣe ọmọkùnrin náà, òun kì í kàn lè sọ ọ́ jáde ni. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó sọ pé ẹni tó bá bá ọmọdé lò pọ̀, ẹ̀wọ̀n gbére ló tọ́ sí i. Ẹ̀wọ̀n gbére ni a wí o, kì í ṣe owó ẹ̀bẹ̀, kì í ṣe "ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ sí yàrá."

Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ẹ má wẹ ọmọ náà, ẹ má fọ aṣọ rẹ̀. Ẹ fi bébà di aṣọ náà, ẹ má fi ọ̀rá dì í. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, kí ọmọ ti dé ọ̀dọ̀ dókítà, torí oògùn tí kì í jẹ́ kí kòkòrò HIV ràn án kì í ṣiṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn wákàtí 72. Lọ́jọ́ náà gan-an ló sì dáa jù. Mirabel Centre wà nínú ọsibítù LASUTH ní Ìkẹjà, láti ọdún 2013 ló ti wà níbẹ̀, wọn kì í gba owó. Àjọ ìjọba Èkó tó ń gbógun ti irú ìwà yìí, tí wọ́n ń pè ní DSVA, tí òfin fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 2021, ní nọ́ńbà tí ẹ lè pè lọ́fẹ̀ẹ́: 08000 333 333. Fún pàjáwìrì èyíkéyìí, ẹ pe 112 tàbí 767. Ẹ kọ ọ́ sí ara ògiri ìsọ̀ yín níbi tí ẹ ń kọ gbèsè sí. Ẹgbẹ́ ti pinnu pé ọmọ ẹgbẹ́ tó bá gba owó láti fi bo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀, kó má retí ìrànlọ́wọ́ wa.

Ilé ìwé náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ní ọdún 2016, ìjọba Èkó pàṣẹ pé kí gbogbo ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ ní ètò ààbò ọmọdé. Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ forúkọ sílẹ̀, ẹ béèrè pé, "Ta ni ọmọ mi yóò lọ bá níbí bí ẹnì kan bá ń yọ ọ́ lẹ́nu?" Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹni náà hàn yín àti ọmọ. Ẹ má tijú torí pé ẹ wọ aṣọ ọjà lọ. Bí àwọn àgbà kíláàsì bá ń gba oúnjẹ rẹ̀, tí wọ́n ń fi ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, ẹni yẹn ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ má ṣe kó agbèrò lọ bá ọmọ ẹlòmíràn jà ní ẹnu géètì. A ti rí èyí rí, ó burú.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi ọmọ sí ibùgbé inú ilé ìwé torí pé ẹ kì í sí nílé, a gbọ́ yín. Àwọn kan nínú wa ti ṣe é, ó sì bọ́ sí i fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ọgbà nìkan ni ààbò. Ní ilé ìwé Model College Ìgbónlá ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n jí àwọn èèyàn gbé níbẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2016. Ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 2017, wọ́n tún padà wá, wọ́n kó ọmọkùnrin mẹ́fà, ó sì lé ní oṣù méjì kí wọ́n tó rí wọn gbà. Ẹ lọ wo ọgbà náà fúnra yín. Ẹ lọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí igbó tàbí omi wà. Ẹ béèrè ẹni tó ń sùn ní yàrá pẹ̀lú àwọn ọmọ.

Ẹ bá ọmọbìnrin sọ̀rọ̀ nǹkan oṣù kó tó dé. Kí ó má jẹ́ pé inú kíláàsì ni yóò ti rí ẹ̀jẹ̀, tí yóò rò pé òun ń kú. Páàdì méjì àti ṣòkòtò kan nínú ọ̀rá, kó máa wà nínú báàgì rẹ̀ nígbà gbogbo. Abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV náà wà, èyí tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Nàìjíríà, Èkó sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́. Ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ló wà fún, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, ọ̀fẹ́ ni ní ilé ìwòsàn ìjọba. Àwọn kan ní ó ń sọni di àgàn. Irọ́ ni, ẹ má gbà wọ́n gbọ́. A mọ àwọn obìnrin tí àrùn yẹn pa nínú ọjà yìí. Kò dára lójú.

Ti owó, kúkúrú ni: ẹ gba ìwé ohun tí ilé ìwé fẹ́ kí ẹ tó ra ohunkóhun. Ẹ ra bàtà tó fi díẹ̀ tóbi. Àwọn tó ti ń dá àjọ ilé ìwé láti oṣù kìíní, alájọ yóò san án ní ìparí oṣù kẹjọ.

A wá padà sórí wákàtí márùn-ún. Ẹ̀ẹ̀mejì la ti jiyàn lórí rẹ̀ ní ìpàdé ìgbìmọ̀. Àwọn kan ní kí ọmọ máa bọ̀ wá sí ọjà tààrà, kí ojú ìyá tó o. Àwọn kan ní ọjà gan-an kò dáa fún ọmọ: kẹ̀kẹ́ ẹrù, ọkọ̀ tó ń fẹ̀yìn rìn, àwọn tó ń mu igbó lẹ́yìn sítọ́ọ̀, kó tó di oṣù méjì, ọmọ ti di ẹni tó ń kiri omi tútù. Àwọn méjèèjì ló ní òótọ́ nínú. Ohun tí àwọn ìyá kan ní Agílítí ṣe lọ́dún tó kọjá ló wá wù wá. Ìyá márùn-ún tí ilé wọn sún mọ́ra kó ara wọn jọ. Lójoojúmọ́, ẹnì kan nínú wọn á pa ìsọ̀ rẹ̀ dé ní aago kan, á lọ sílé, gbogbo ọmọ á sì já sọ́dọ̀ rẹ̀. Á fún wọn lóúnjẹ, wọ́n á ṣe iṣẹ́ ilé ìwé, á kà wọ́n bí ẹni ka adìẹ títí àwọn ìyá yòókù fi máa dé. Àwọn mẹ́rin tó kù ní ọjà á máa bá a ta èyí tó kù nínú ọjà rẹ̀. Ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ni ó ń kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní àwọn ń pàdánù díẹ̀ nínú ọjà, a ò ní purọ́ fún yín. Wọ́n sì ní ọkàn àwọn balẹ̀.

A fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní Kétu, Ìkòsì àti Mile 12 kí ilé ìwé tó wọlé. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń wọ JSS 1, kí ó fún akọ̀wé ẹgbẹ́ ní orúkọ ara rẹ̀, àdúgbò rẹ̀, ilé ìwé tí ọmọ ń lọ àti ọjọ́ tó lè yọ̀ǹda kí oṣù keje tó parí. Àwa ìgbìmọ̀ yóò so àwọn tí ilé wọn sún mọ́ra pọ̀. Ní ọjọ́ Ajé tó ṣáájú ìwọlé, ẹ mú àwọn ọmọ wá sí ẹsẹ̀ afárá Kétu ní aago mẹ́fà àárọ̀, ká jọ rin ọ̀nà náà. Kí àwọn tó ń gba ẹrù ní òru ọjọ́ yẹn ti bá ẹnìkejì wọn sọ̀rọ̀ sílẹ̀, kó bá wọn gbà á.